Ibi Tó Yẹ Kí Ẹ̀rọ Sinimá Jókòó Sí

Bí mo bá sọ fún àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí pé iṣẹ́ tí mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe ni pé mo ń wá ibi tó yẹ kí ẹ̀rọ sinimá jókòó sí kí àwòrán rẹ̀ lè bọ́ sójú ògiri bó ṣe tọ́, ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń rín. Wọ́n á ní, "Ìyá, ṣé ìyẹn náà ni iṣẹ́?" Èmi kì í bá wọn jà. Ojú tí wọ́n fi ń wò ó ni èmi náà fi wò ó nígbà kan: gbé e lé tábìlì, tan iná sí i, ó parí. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé ò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko bàbá ẹni tó tó ti bàbá òun. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa yàn, ẹ jẹ́ kí n mú yín dé oko tèmi kí ẹ wò ó. Bí kò bá wù yín, ẹ ti rí i ná.

Orúkọ mi ni Múṣílíátù. Ará Ìṣẹ́yìn ni bàbá àti ìyá mi, ṣùgbọ́n Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo sì dàgbà sí. Aṣọ òfì ni bàbá mi ń hun lẹ́yìnkùlé ilé tí a háyà. Nígbà tí mo jáde ìwé, aṣọ rírán ni wọ́n fi mí kọ́. Mo ti kọ́ ọ parí, mo ṣì ń bá ìyá tó kọ́ mi ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù wọn, nígbà tí ọkùnrin kan wọlé tọ̀ wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Jálábíà funfun ló wà lọ́rùn wọn, kò sí àbàwọ́n kankan lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìgbà òjò ni. Wọ́n ní aṣọ tí àwòrán ń bọ́ sí ní ilé sinimá àwọn ti ya láti òkè dé ilẹ̀, àwọn sì ń wá ẹni tó máa rán an tí ojú rírán rẹ̀ kò ní hàn.

Ọ̀gá Làmídì nìyẹn. Ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé ni wọ́n, àwọn ló ń bójú tó ẹ̀rọ ní ilé sinimá kan tó wà ní Mọ́kọ́lá nígbà náà.

Èmi ni ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ rán lọ. A tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀ láàárín gbọ̀ngàn, mo sì ń rá lórí rẹ̀ bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn, mo ń fi ọwọ́ rán an, nítorí kò sí ẹ̀rọ ìránṣọ tó lè gba irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e kọ́, Ọ̀gá lọ sí ẹ̀yìn pátápátá, wọ́n tan ẹ̀rọ. Iná funfun bo gbogbo aṣọ náà. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n tún wò ó.

Wọ́n bi mí pé, "Ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń fi ojú tọ ìlà?"

Mo ní, "Bàbá mi ni, sà. Wọ́n ń hun aṣọ."

"Ó hàn. Ṣé o fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn iná yẹn?"

Ẹnu mi ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni kí ọkàn mi tó rò ó. Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò gba ìtàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n ń fún mi tó jẹun, kò tó ṣe fáàrí. Bàbá mi ní kí n máa lọ, ìyá mi ní ilé sinimá kò yẹ obìnrin, Ọ̀gá sì wá sílé wa fúnra wọn, wọ́n jókòó ti ìyá mi, wọ́n ní ọ̀sán ni èmi yóò máa ṣiṣẹ́, aya àwọn náà yóò sì máa mójú tó mi. Bó ṣe parí nìyẹn.

Mo rò pé inú yàrá ẹ̀rọ ni wọ́n máa mú mi lọ lọ́jọ́ kìíní. Bẹ́ǹṣì ni wọ́n fi hàn mí.

"Jókòó síbí. Kí lo rí?"

"Ọ̀gá, sinimá ni."

"Mi ò bi ẹ́ ní orúkọ rẹ̀. Mo ní kí lo rí."

Iwájú pátápátá ni wọ́n fi mí sí. Mo gbójú sókè títí. Mo ní, "Mo rí ọkùnrin kan lórí ẹṣin, àmọ́ ọrùn ń dùn mí, mi ò sì lè rí ojú rẹ̀ àti ẹsẹ̀ ẹṣin rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà."

"Ẹn-hẹn. Dìde, bọ́ sí ẹ̀yìn."

Bí wọ́n ṣe gbé mi káàkiri gbọ̀ngàn náà láti ìgbà òjò yẹn títí ọyẹ́ fi dé nìyẹn. Kò sí àga tí mi ò jókòó lé: èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, èyí tó wà lábẹ́ fáànù, èyí tó wà ní kọ̀rọ̀ tí ènìyàn ti máa rí àwòrán bí ẹni pé wọ́n fi ọwọ́ fún un pọ̀. Níbi tí mo bá jókòó sí, Ọ̀gá á wá bèèrè ohun tí mo rí. Bí mo bá sọ pé ó dára, wọ́n á ní, "Dára kì í ṣe ìdáhùn." Àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ìyàwó Bẹ́ǹṣì. Ó dùn mí, mo sì sunkún lórí rẹ̀ nílé. Bàbá mi fi ọ̀kọ̀ ìhunṣọ sílẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ tó bá fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Padà síbẹ̀ lọ́la."

Nígbà tí Ọ̀gá wá mú mi gun òkè lọ sí yàrá ẹ̀rọ, ooru ibẹ̀ pọ̀, òórùn òróró àti irin gbígbóná gba gbogbo rẹ̀. Wọ́n kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan kan. Wọ́n ní kí n wo ihò kékeré tí iná ń gbà jáde, kí n sì fojú tẹ̀ lé iná náà dé ara aṣọ.

Wọ́n ní, "Múṣí, ṣíbí ọbẹ̀ kan ni Ọlọ́run fún ẹ. Bí o bá dà á sórí abọ́ ìrẹsì kékeré, ọbẹ̀ á jinlẹ̀, á pọ́n. Bí o bá dà á sórí tíréè ìrẹsì, á kárí, àmọ́ á fẹ́lẹ́, ẹnu ò ní mọ̀ pé ọbẹ̀ wà níbẹ̀. Iná inú ẹ̀rọ yìí ni ọbẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń jìnnà sí aṣọ, àwòrán á máa tóbi, á sì máa ṣú. Bí ó bá ń sún mọ́ ọn, àwòrán á máa kéré, á sì máa mọ́. Ibi tí ẹnu àwọn àlejò ti máa gba ìrẹsì àti ọbẹ̀ papọ̀ ni kí o máa wá."

Mo ti ka ìwé nípa iṣẹ́ yìí lẹ́yìn náà, ìwé tó kún fún ìṣirò. Ìṣirò náà dára, mo sì kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ Ọ̀gá ni mo kọ́kọ́ lóye.

Ilé sinimá yẹn, ẹ̀rọ rẹ̀ ti jókòó sójú kan kí n tó débẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gbé e kiri. Ibi tí mo ti kọ́ iṣẹ́ gan-an ni ìgbà tí a bá gbé ẹ̀rọ kékeré lọ sí gbọ̀ngàn àwọn ilé ìwé. Gbogbo gbọ̀ngàn ló ní ìwà tirẹ̀. Ní ilé ìwé kan ní Agbówó, tábìlì tí wọ́n fún wa kúrú, àwòrán ń bọ́ sí ìdí aṣọ. Mo wá òkúta kan, mo fi ti iwájú ẹ̀rọ kí ó lè gbójú sókè. Àwòrán gòkè lóòótọ́, àmọ́ ó fẹ̀ lókè, ó tín-ín-rín nísàlẹ̀. Gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ lórí bàǹbà, ẹsẹ̀ bí igi ìdáná.

Ọ̀gá wò ó, wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Múṣílíátù, ṣé aṣọ lo ní kí n wá wò àbí ṣòkòtò kẹ̀ǹbẹ̀ lo rán?"

Wọ́n pa ẹ̀rọ. Gbogbo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dúró, àwọn olùkọ́ ń wo aago, Ọ̀gá ò ka ìyẹn sí. Wọ́n ní kí n yọ òkúta, kí n lọ wá tábìlì tó ga. Mo wá a títí mo fi rí i ní yàrá ìdáná. Nígbà tí ẹ̀rọ wá kọjú sí aṣọ gbọnrangandan, àwòrán gún régé. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi nígbà tí à ń padà bọ̀ nínú tasí: "Má fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ tún ohun tí ẹsẹ̀ lè tún ṣe. Gbé e lọ síbi tó yẹ." Wọn kì í na ènìyàn, wọn kì í bú ìyá ẹni. Ẹ̀rọ ni wọ́n máa ń pa, wọ́n á ní kí o tún un ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ bá rí ọ̀gá bẹ́ẹ̀, ẹ di ẹsẹ̀ wọn mú.

Fídíò dé, ilé sinimá kú. Kò kú lọ́jọ́ kan. Àwọn ènìyàn kàn ń dín kù, títí ó fi ku àwa àti àwọn tó ń sá oòrùn wọlé. Wọ́n ta ilé náà, ó di ilé ìjọsìn, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa dòní. Èmi ti lọ́kọ nígbà yẹn. Gàníyù ni ọkọ mi ń jẹ́, táyà ló ń tà ní Mọ́kọ́lá. Mo rò pé iṣẹ́ wa ti tán, mo tilẹ̀ ti nu ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ọ̀gá ní rárá. Wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Dúgbẹ̀, wọ́n ní ohun tí ayé ń lé jáde nínú gbọ̀ngàn ń bọ̀ wọ pálọ̀.

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àwọn onílé ńlá ní Bódìjà àti Ring Road bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ sinimá nínú ilé. Ẹ̀rọ ìgbà náà lójú mẹ́ta, ọ̀kan ń tan pupa, ọ̀kan ń tan àwọ̀ ewé, ọ̀kan ń tan búlúù, orí ògiri ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń pàdé di àwòrán. Ó wúwo bí àpótí òkúta. Bí ó bá fi díẹ̀ jìnnà jù tàbí sún mọ́ jù, àwọn ojú náà ò ní pàdé mọ́: ẹ ó rí obìnrin tó ń sọ̀rọ̀, ètè rẹ̀ pupa á sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Ọ̀gá fẹ́ràn ẹ̀rọ yìí gan-an nítorí kò gba ìrẹ́jẹ.

Ẹ̀rọ yìí ló fa ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ní Ring Road.

Ọkùnrin onílé kan ló ní ká bá òun gbé ẹ̀rọ náà kọ́ sókè àjà, kó má baà gba ilẹ̀ láàárín pálọ̀. A wọn yàrá, ibi tó yẹ kí ẹ̀rọ wà sì bọ́ sí òkè àga ìrọ̀gbọ̀kú. Ọ̀gá fi ìka kan àjà níbẹ̀. Ìró tí àjà náà mú wá kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n ní kí onílé ránṣẹ́ pe kápẹ́ńtà tó ṣe òrùlé. Kápẹ́ńtà dé, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ igi ibẹ̀ ni. Ọ̀gá ní àwọn fẹ́ fojú rí i. Wọ́n la ihò kan, a yọjú, lóòótọ́ igi tuntun la rí. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀ ni pé igi tuntun náà kò gùn dé ògiri; igi àtijọ́ ni wọ́n so ó mọ́ lọ́ọ̀ọ́kán, ikán sì ti jẹ inú ìyẹn tán, ó ku èèpo.

A gbé ẹ̀rọ kọ́. Ó dúró. Ọ̀gá wà lókè àkàbà, wọ́n ń yí ojú rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, èmi di ìdí àkàbà mú. Mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí ènìyàn ń fa bébà ya díẹ̀díẹ̀. Ọ̀gá ti gbọ́ ọ ṣáájú mi. Wọ́n ní, "Múṣí, yà síbẹ̀ yẹn." Ohùn wọn ò le rárá, bí ẹni ní kí n yà fún ọkọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣe é láìbèèrè. Bí mo ṣe yà, ibi tí mo dúró sí gan-an ni ẹ̀rọ náà balẹ̀ sí. Àkàbà tí mo fi sílẹ̀ wá yẹ̀. Ọ̀gá bá àjà àti eruku bọ́ sílẹ̀.

Egungun itan wọn ló kán. Onílé fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé wọn lọ sí ọsibítù, kò sì padà sílé títí dókítà fi jáde. Òun àti kápẹ́ńtà jọ wá bẹ Ọ̀gá lórí ibùsùn. Ọ̀gá ní, "Gbogbo wa la jọ yọjú sínú ihò yẹn. Èmi náà wò ó, mo ní ó dára. Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ pé Múṣí ń rìn." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń gbé kiri láti ọjọ́ náà. Ọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú ìdè ló ń dúpẹ́ nítorí tèmi.

Wọ́n lo oṣù púpọ̀ nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dìde, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, wọn ò sì lè gun àkàbà mọ́ láéláé. Nílé wa, ọkọ mi pè mí jókòó.

Ó ní, "Mi ò fẹ́ kí o padà síbẹ̀. Bí kì í bá ṣe Ọlọ́run, kí ni mo máa sọ fún bàbá ẹ?"

Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Mo padà sídìí aṣọ. Mo ń rán yẹ̀rì àti búláósì, ọwọ́ mi ń ṣiṣẹ́, ọkàn mi wà ní Ring Road níbi tí àjà ti là sílẹ̀.

Ọjọ́ kan ni aya Ọ̀gá, Ìyá Rísì, wá kí wa. Rísìkátù ọmọ wọn obìnrin ló sìn wọ́n wá. Lẹ́yìn tí wọ́n mu omi, ọkọ mi ni wọ́n kọjú sí, wọn ò wo ọ̀dọ̀ mi.

Wọ́n ní, "Gàníyù, ọ̀gá ìyàwó rẹ kì í sùn. Egungun kọ́ ló ń dùn wọ́n mọ́. Iṣẹ́ tí wọn ò parí ló ń dùn wọ́n. Wọ́n ní àwọn ò fi iṣẹ́ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí."

Ọkọ mi ní, "Màmá, mo gbọ́. Àmọ́ ẹ má bínú, mi ò lè ní kí ìyàwó mi gun àkàbà yẹn."

Ìyá Rísì ní, "Èmi ò wá sọ pé kí o ní kó gùn ún. Mo wá bẹ̀ ọ́ pé kí ìwọ wá di ìdí rẹ̀ mú."

Ọkọ mi wo ọwọ́ ara rẹ̀, ọwọ́ tó fi ń gbé táyà ọkọ̀ akẹ́rù láti àárọ̀ dalẹ́. Ó ní, "Ọjọ́ wo?"

A padà sí Ring Road. Wọ́n ti tú gbogbo òrùlé náà, irin ni wọ́n fi dípò igi, ọkọ mi sì fi gbogbo ara rẹ̀ rọ̀ mọ́ irin náà kó tó gbà pé kí n gùn ún. Ó di àkàbà mú bí ẹni di akọ màlúù mú. Ọ̀gá jókòó lórí àga onílé nísàlẹ̀, ọ̀pá wọn wà láàárín orókùn, wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n rí fún mi. "Sọ́tùn-ún díẹ̀. Ètè rẹ̀ ṣì ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Fà á sẹ́yìn. Ó tó, ó ti bọ́ sí i." Ibẹ̀, lórí àkàbà, ni mo ti wá mọ ìdí tí wọ́n fi gbé mi lé gbogbo bẹ́ǹṣì ilé sinimá. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ kò rí àwòrán. Ẹni tó jókòó ló rí i.

Láti ìgbà náà, bí iṣẹ́ àkàbà bá wà, Gàníyù á ti ṣọ́ọ̀bù táyà, á bá mi lọ. Ó ṣe é títí orókùn rẹ̀ fi kọ̀. Àwọn oníbàárà rò pé ọmọ iṣẹ́ mi ni, kò sì tún un ṣe fún wọn.

Ẹ̀rọ yí padà lójú mi lóríṣiríṣi. Olójú mẹ́ta lọ, olójú kan dé, tí ènìyàn lè gbé lábẹ́ apá. Gílóòbù inú rẹ̀ máa ń gbóná, ó máa ń kú lójijì. Lẹ́yìn náà ni èyí tí kò ní gílóòbù rárá dé. Bọ́tìnnì wá wà tó ń na àwòrán, tó ń fún un pọ̀, tó tilẹ̀ ń tún àwòrán tó rí bíi kẹ̀ǹbẹ̀ ṣe. Ọ̀gá bá mi débẹ̀ díẹ̀ kí Ọlọ́run tó pè wọ́n. Wọ́n tẹ bọ́tìnnì náà lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí i, wọ́n rí i bí àwòrán ṣe gún, wọ́n ní, "Ó gbìyànjú." Wọ́n wá ní kí n pa á, kí n gbé ẹ̀rọ lọ síbi tó yẹ.

Ọkùnrin kan tó ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ní Challenge fẹ́ kí àwòrán gba ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ṣàlàyé ọbẹ̀ fún un. Ó ní kí n sáà gbé e sẹ́yìn, nítorí ẹni tó ń bá òun díje lójú pópó kejì, tirẹ̀ tóbi. Mo gbé e sẹ́yìn. Pápá fẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó ṣú, bọ́ọ̀lù sì rá mọ́ koríko. Àwọn tó wá wòran ń bi ara wọn pé, "Ó ti wọlé àbí kò wọlé?" Nígbà tí àyè ìsinmi dé, òun fúnra rẹ̀ ló wá bá mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá, ẹ dákun, ẹ bá wa dá ọbẹ̀ yẹn padà." Ọ̀rẹ́ mi ni dòní. Bí mo bá kọjá ní Challenge, dandan ni kó wá àga fún mi.

Lónìí, ẹ̀rọ kan wà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ògiri gan-an ló ń jókòó sí, tó ń ju àwòrán sókè. Fóònù ló sì ń wọn yàrá fún àwọn ọ̀dọ́. Mi ò bú u. Rísìkátù, tó gba ṣọ́ọ̀bù Dúgbẹ̀ lọ́wọ́ mi, kò gbé tépù dání mọ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́ ju tèmi lọ. Ohun tí mo máa ń sọ fún un kò ju ọ̀kan lọ: kí ó bèèrè ẹni tó máa jókòó. Iṣẹ́ tí mo ṣe kẹ́yìn kí n tó fẹ̀yìn tì ló jẹ́ kí n máa tẹnu mọ́ ọn.

Ìbíyẹmí ni obìnrin tó pè wá, olùkọ́ ni ní yunifásítì, Bódìjà ni ilé rẹ̀ wà. Ìyá rẹ̀ ló ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ojú ìyá náà ní àìsàn kan tó máa ń jẹ ìríran láti ẹ̀gbẹ́ wọ àárín, ohun tó ṣẹ́kù fún wọn dà bí ẹni ń wo ìta láti ojú ihò ilẹ̀kùn. Tẹlifíṣọ̀n ń gún ojú wọn, fóònù sì kéré jù. Káyọ̀dé ọmọ wọn ọkùnrin wà lókè òkun láti ọjọ́ pípẹ́. Ohùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbọ́.

Ìbíyẹmí ní, "Ìyá, mo ra èyí tó lágbára jù tí mo rí. Mo fẹ́ kó gba gbogbo ògiri, kí Mọ́mì lè rí ẹ̀gbọ́n mi dáadáa."

Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ta ni kò ní rò ó? Èmi àti Rísì gbé ẹ̀rọ sẹ́yìn títí àwòrán fi kún ògiri. A fa kọ́tìnnì, nítorí oòrùn ọ̀sán wà níta. Ìbíyẹmí fi fóònù tó so mọ́ ẹ̀rọ pe Káyọ̀dé ní fídíò, ojú rẹ̀ sì yọ lójú ògiri, ó tóbi láti òkè àjà dé ilẹ̀. A fi Màmá jókòó.

Ìbíyẹmí ní, "Mọ́mì, kí lẹ rí?"

Màmá yí orí díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní, "Mo rí imú."

"Imú ta ni?"

"Ìyẹn ni mo fẹ́ bi yín. Imú tó tó ilẹ̀kùn."

Káyọ̀dé bú sẹ́rìn-ín lójú ògiri. Màmá ní, "Ohùn ọmọ mi nìyẹn. Àmọ́ imú yìí, mi ò mọ̀ ọ́n rí."

A gbé àga wọn sẹ́yìn títí ó fi kan ògiri ẹ̀yìn, kò sí àyípadà tó lórí. Ojú Ìbíyẹmí ti ń pọ́n. Màmá ló wá sọ ọ́ fúnra wọn, pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ó ti pọ̀ jù. Àyè tó kù nínú ojú mi kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ bù ú kù fún mi."

Mo gbé ẹ̀rọ náà lọ́wọ́, mo sún un mọ́ ògiri. Àwòrán kéré sí i, ó sì mọ́lẹ̀ sí i. Mo yí lẹ́ńsì rẹ̀ kí ojú Káyọ̀dé lè gún.

"Kí lẹ rí, Màmá?"

"Imú àti ẹnu. Máa bọ̀."

Mo tún sún un. "Ojú ti dé. Máa bọ̀." Mo tún sún un. Gbogbo ògiri ńlá náà ti ṣófo, funfun lásán, ojú ọmọ wọn nìkan ló kù láàárín rẹ̀, kò ju àwo ìjẹun lọ, ó mọ́lẹ̀ rekete. Màmá gbé ọwọ́ sókè pé kí n dúró.

Wọ́n rọra wò ó láti irun orí dé àgbọ̀n.

Nígbà tó yá wọ́n ní, "Káyọ̀dé."

"Mọ́mì."

"Ìgbà wo lo hu ewú?"

Ó fi ọwọ́ kan orí ara rẹ̀. "Ó ti pẹ́, Mọ́mì."

"O ò sọ fún mi."

"Mo rò pé ẹ mọ̀ ni."

Màmá mi orí. Wọ́n ní, "Ọmọkùnrin onírun dúdú ni mo ń bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí wá." Wọ́n tún wò ó. "Ó bá ẹ mu. Yí orí sọ́tùn-ún, kí n wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀."

Ó yí i sọ́tùn-ún.

"Sósì."

Ó yí i sósì. Ìbíyẹmí ti jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀. Rísì na ọwọ́ láti gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ mi kó lè wá tábìlì fún un, mo ní kó fi sílẹ̀ ná. Mo dì í mú bẹ́ẹ̀, ó ń gbóná díẹ̀díẹ̀ sí mi láyà, títí Màmá fi ní kí ọmọ náà tún kọjú sí àwọn, kó máa sọ bó ṣe jẹun lónìí.